Híhó Ọṣẹ Ìfọyín Kọ́ Ló Ń Dáàbò Bo Eyín

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọmọ tí kò tíì fọ ẹnu kì í dédé kí àgbà láàárọ̀. Bí ó bá gbàgbé tí ó wá kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀, wọn yóò ní kí ó padà sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó lọ fọ ẹnu ná. Àṣà yìí ti wà kí ọṣẹ ìfọyín tó dé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà rárá. Kò sí ẹni tó lè sọ wí pé ìran Yorùbá kò ka ìmọ́tótó ẹnu sí.

Síbẹ̀, àkokoro kò yé dá ènìyàn láàmú. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2022 nípa ìlera ẹnu sọ wí pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni àìsàn ẹnu kan tàbí òmíràn ń bá fínra káàkiri àgbáyé. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ni eyín àgbà wọn ń jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bíi mílíọ̀nù 514 ọmọdé ni eyín wọn ti ń jẹrà kí ó tó ká. Bí àwọn ènìyàn bá ń fọ ẹnu lójoojúmọ́, kí ló dé tí eyín ṣì ń jẹrà tó báyìí? Ṣúgà ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀bi ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n apá kan ìdáhùn wà lẹ́yìn páálí ọṣẹ ìfọyín, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ orúkọ èròjà sí, èyí tí ọ̀pọ̀ òǹrajà kì í wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò nígbà tí wọ́n bá ń ra ọṣẹ ìfọyín ni bí ó ṣe ń hó, bí ó ṣe ń ta lẹ́nu, àti ìlérí wí pé yóò sọ eyín di funfun báláú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá eyín yóò jẹrà tàbí kò ní jẹrà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọṣẹ. Ìdọ̀tí kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín, tó máa ń yọ̀ bí ènìyàn bá fi ahọ́n kàn án nígbà tó bá jí láàárọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló kóra jọ sínú rẹ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì ló ń gbọ̀n ọ́n kúrò. Àwọn onímọ̀ tó ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, rí i wí pé fífi ọṣẹ kún un kò fi bẹ́ẹ̀ mú kí búrọ́ọ̀ṣì kó ìdọ̀tí náà kúrò ju bí ó ti lè kó o lọ ní òun nìkan. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi lásán fọ eyín dáadáa fún ìṣẹ́jú méjì lè kó ìdọ̀tí kúrò bí ẹni tó fi ọṣẹ kún un. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ènìyàn ń fi owó rẹ̀ rà nínú páálí náà?

Ìdáhùn rẹ̀ ni fúlóráìdì. Ó sì wà lára àwọn èròjà tó kéré jù lọ níbẹ̀.

Àwọn àgbà ìṣáájú gbà wí pé kòkòrò kan tó ń jẹ inú eyín ló ń fa ihò tó ń dá lu sí i, débi wí pé àwọn kan ṣì ń fi èéfín egbòogi lé e jáde títí di òní. Wọn kò jìnnà sí òtítọ́ púpọ̀, àmọ́ kòkòrò náà kì í fi ẹnu gé eyín jẹ. Ṣúgà tó wà nínú bisikíìtì, mínírà àti tíì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí náà ń jẹ, ásíìdì ni wọ́n sì ń tú jáde. Ásíìdì yìí ló ń yọ kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì kúrò lára ìbòrí funfun líle tó wà lórí eyín. Itọ́ máa ń dá díẹ̀ nínú èyí tó sọnù padà, bí wọ́n bá fún un láyè. Lójoojúmọ́ ni kíkó lọ àti dídá padà yìí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹnu gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ tí èyí tó ń lọ bá ti ń ju èyí tó ń padà wá lọ ni ihò bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni rí i.

Fúlóráìdì ń ran ìdápadà náà lọ́wọ́. Bí ó bá wà nínú itọ́ ní ìwọ̀nba díẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì tètè padà sára eyín, ibi tí ó bá sì ti bá wọn tún ṣe máa ń le sí ásíìdì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi sí nínú ohun tí ènìyàn lè fojú rí tàbí kí ó tọ́ wò. Àgbéyẹ̀wò kan tí àjọ Cochrane tẹ̀ jáde lọ́dún 2003, tó lo àbájáde ìwádìí 70 lórí àwọn ọmọdé tó lé ní 42,000, fi hàn wí pé ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì dín jíjẹrà eyín àgbà kù ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lápapọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 wá fi kún un wí pé ìwọ̀n fúlóráìdì náà ní láti tó 1,000 ppm kí àǹfààní rẹ̀ tó hàn gbangba. Ohun tí 1,000 ppm túmọ̀ sí ni gírámù fúlóráìdì kan nínú kílógírámù ọṣẹ kan. Ẹ wo bí ó ti kéré tó.

Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì láàárín 1,000 sí 1,500 ppm sínú àkójọ àwọn oògùn tó pọndandan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìpinnu yìí kò gba ariwo tó yẹ lọ́dọ̀ àwọn oníròyìn. Ohun tó sọ ni wí pé ọṣẹ ìfọyín tó péye yẹ kí ó wà ní ipò oògùn, kì í ṣe ní ipò kan náà pẹ̀lú ìpara àti àtíkè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbi kí wọ́n sáà ti kọ fúlóráìdì sára páálí. Láàárín ọdún 1940 sí 1949, àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fi sodium fluoride sínú ọṣẹ ìfọyín, àmọ́ kò dáàbò bo eyín ẹnikẹ́ni. Èròjà tó ń ha ìdọ̀tí nínú ọṣẹ náà ló gbé fúlóráìdì mì. Calcium carbonate ni èròjà ọ̀hún, irú ohun tí ìkarahun ìgbín fi le. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ máa ń so mọ́ fúlóráìdì, yóò sì dì í mú pinpin, débi wí pé nígbà tí ọṣẹ bá fi máa dé ẹnu, fúlóráìdì kò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́. Joseph Muhler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ló wá ọ̀nà àbáyọ: wọ́n lo stannous fluoride, wọ́n sì pààrọ̀ èròjà tó ń ha eyín sí irú èyí tí kò ní bá a jà. Ọṣẹ tí wọ́n pè ní Crest ló ti ibẹ̀ jáde láàárín ọdún 1955 sí 1956. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1960.

Lónìí, àwọn tó ń fi calcium carbonate ṣe ọṣẹ, nítorí wí pé kò wọ́n, máa ń lo irú fúlóráìdì mìíràn tó ń jẹ́ sodium monofluorophosphate, tí òun àti kálísíọ̀mù lè jọ gbé. Àwọn tó ń lo sílíkà, tó jẹ́ ìbátan yanrìn tí wọ́n lọ̀ kúnná, lè lo sodium fluoride láìséwu. Síbẹ̀, bí ọṣẹ bá pẹ́ nílé ìkẹ́rùsí tàbí tí oòrùn pa á púpọ̀, fúlóráìdì tó lè ṣiṣẹ́ nínú irú ọṣẹ àkọ́kọ́ yẹn lè máa dínkù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2012 lórí àwọn ọṣẹ ìfọyín láti Brunei, Cambodia, Laos, Netherlands àti Suriname fi hàn wí pé nínú àwọn kan lára wọn, fúlóráìdì tó lè ṣiṣẹ́ kò tó iye tí wọ́n kọ sára páálí. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kí ó rò wí pé oòrùn Kánò tàbí ti Ṣakí ń ṣàánú ọṣẹ ju ti Cambodia lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fojú fò dá.

Ní ti híhó, sodium lauryl sulfate ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Ó wà nínú ọṣẹ ìfọrun pẹ̀lú. Òun náà ló máa ń mú kí ọsàn korò lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín. Ó ń jẹ́ kí ọṣẹ tàn ká ẹnu, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹni tí egbò máa ń yọ sí lẹ́nu lemọ́lemọ́ lè wá ọṣẹ tí kò ní in, kí ó wo bóyá ara yóò tù ú. Títa tó ń ta lẹ́nu wá láti ara èròjà amóhun-tutù bíi ewé míǹtì, ó dùn mọ́ni lẹ́nu, ó ń bo òórùn mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò wo nǹkan kan sàn. Ohun tó bani nínú jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni wí pé ẹnu tó ń ta, tó sì ń hó, máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò wí pé òun ti fọ eyín tán nígbà tí ìṣẹ́jú kan kò tíì pé.

Funfun ni ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni Yorùbá ti ń ki arẹwà ní eyín-fún-jowó, ìfẹ́ eyín funfun kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àmọ́ eyín tó funfun lè ti lu nínú, bẹ́ẹ̀ ni eyín àgbàlagbà tí obì àti orógbó ti pọ́n lára lè le bí òkúta. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ tó ń ṣèlérí funfun ń fi agbára híha ṣe é. Ìlànà àgbáyé ISO 11609 kò fàyè gba ọṣẹ tí ìwọ̀n híha rẹ̀ bá ju 250 lọ, àmọ́ ta ni yóò fi ìlànà yẹn díwọ̀n èédú tí wọ́n gún sínú ike, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Àgbéyẹ̀wò kan tí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde lọ́dún 2017 sọ wí pé kò sí ẹ̀rí tó tó láti gbè é lẹ́sẹ̀ wí pé èédú ń sọ eyín di funfun tàbí wí pé kò léwu. Ìbòrí eyín tí èédú, iyọ̀ gbígbẹ tàbí eérú bá ti ha kúrò kì í hù padà. Ibi tí èrìgì bá sì ti ká sókè, gbòǹgbò eyín tó hàn síta kò le tó orí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Lẹ́yìn náà ni eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ènìyàn bí ó bá mu omi tútù, tí yóò wá máa ra ọṣẹ olówó gọbọi mìíràn tó ní potassium nitrate láti fi tọ́jú ohun tí ọṣẹ àkọ́kọ́ dá sílẹ̀. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́.

Àwọn kan yóò bèèrè wí pé orin ńkọ́. Orin ata, pákò ìjẹ̀bú, dóńgóyárò àti àwọn mìíràn ló fi eyín àwọn baba ńlá múlẹ̀ kí òyìnbó tó mú páálí dé. Òtítọ́ ni. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí àwọn orin ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan èyí tó jáde lọ́dún 1977, fi hàn wí pé oje àwọn kan lára wọn ń dí àwọn kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́. Ẹni tó mọ orin rún, tó ń rún un pẹ́, tó ń dé ẹ̀yìn eyín, ń ṣe iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ní àṣeyọrí. Àmọ́ àwọn tó ń rún orin nígbà náà kì í mu mínírà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fún ọmọ ọwọ́ ní tíì oníṣúgà. Kò sì sí ẹ̀rí wí pé orin ń fún eyín ní fúlóráìdì tó tó. Kò sí ìjà láàárín orin àti ọṣẹ: kí ẹni tó fẹ́ràn orin máa rún un láàárọ̀, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ tó ní fúlóráìdì fọ eyín kí ó tó sùn. Ọṣẹ tó ń fi orúkọ ewé àti egbò polówó ara rẹ̀, tí kò sì ní fúlóráìdì, ni kò ní àwíjàre. Kò ṣe iṣẹ́ orin, kò sì ṣe iṣẹ́ ọṣẹ.

Ìbẹ̀rù wà lọ́kàn àwọn òbí mìíràn wí pé májèlé ni fúlóráìdì, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ káàkiri orí WhatsApp. Kò yẹ kí àwọn onímọ̀ ìlera fi ìbẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó bá pọ̀ jù ní ewu tirẹ̀. Ní agbègbè Langtang, Ìpínlẹ̀ Plateau, omi abẹ́ ilẹ̀ ní fúlóráìdì púpọ̀, àwọn dókítà eyín sì ti rí àbààwọ́n tó fà sí eyín àwọn ọmọ tó ń mu ún dàgbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, National Toxicology Program ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà sọ wí pé níbi tí fúlóráìdì inú omi mímu bá ti ju mílígírámù 1.5 nínú lítà kan lọ, ẹ̀rí wà tó so ó mọ́ ìdínkù òye àwọn ọmọdé. Àmọ́ omi tí ènìyàn ń mu láti àárọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọṣẹ tí ènìyàn ń tu dànù. Ibi tí ewu ọṣẹ wà ni ọ̀dọ̀ ọmọdé tí kò tíì mọ itọ́ tu, tí ń gbé ọṣẹ mì nítorí wí pé ó dùn. Nítorí èyí ni àwọn dókítà fi ní kí ọṣẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta má ju hóró ìrẹsì kan lọ, kí ti ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà sì má ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ. Àwòrán tó wà nínú ìpolówó, níbi tí ọṣẹ ti bo orí búrọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ń ran ẹni tó ń ta ọṣẹ lọ́wọ́ ni. Kò ran ẹnikẹ́ni mìíràn lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan tó ń ba iṣẹ́ gbogbo ọṣẹ rere jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, òun sì ni ife omi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ eyín tán, wọn yóò bu omi sẹ́nu, wọn yóò ṣan án, wọn yóò tu ú, wọn yóò tún bu òmíràn, títí ẹnu yóò fi mọ́ tónítóní. Ó dára fún ọwọ́ àti abọ́. Ní ti ẹnu, fúlóráìdì tí wọ́n fi owó rà ni wọ́n ń tú dà sílẹ̀ yẹn, kí ó tó rí àyè ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà eyín ni kí ènìyàn tu ìfófòó náà dànù dáadáa, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ láìfi omi púpọ̀ ṣan ẹnu. Kì í rọrùn fún ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú omi. Ní alẹ́ gan-an ló ṣe pàtàkì jù, nítorí itọ́ máa ń dínkù lẹ́nu nígbà tí ènìyàn bá sùn, ásíìdì sì ń rí àyè. Mùsùlùmí tó ń ṣe àlùwàlá lè fi fífọ eyín rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìrun alẹ́, kí omi àlùwàlá má baà kó ọṣẹ lọ. Àṣà wí pé kí ènìyàn fọ ẹnu kí ó tó kí àgbà dára púpọ̀, àmọ́ ó ti sọ fífọ eyín di ọ̀rọ̀ àárọ̀ nìkan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ojúṣe gbogbo èyí kò yẹ kí ó wà lórí òǹrajà nìkan. Àjọ NAFDAC ló ń forúkọ ọṣẹ ìfọyín sílẹ̀ kí wọ́n tó tà á ní Nàìjíríà, ó sì ní agbára láti pàṣẹ wí pé kí iye ppm fúlóráìdì wà ní iwájú páálí, ní nọ́ńbà gbàǹgbà tí ìyá tí kò ka ìwé púpọ̀ lè fi wé èkejì. Kí ọṣẹ tí kò ní fúlóráìdì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba pẹ̀lú. Kí wọ́n sì máa mú ọṣẹ láti orí àtẹ ní ọjà, kì í ṣe láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan, láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fúlóráìdì inú rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdọọdún, tó jẹ́ Ọjọ́ Ìlera Ẹnu Lágbàáyé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè sódò. Ó yẹ kí wọ́n mú páálí ọṣẹ kan dání pẹ̀lú, kí wọ́n yí i sẹ́yìn, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìka wọn wá nọ́ńbà náà.